Àpò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Qonitah Bùsàrí nígbà tí ojú ọmọbìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú yí padà.

"Kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò ni o," ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un tán, bó ṣe yọ ike funfun náà kúrò nínú àpò, tó sì gbé e kalẹ̀ lọ́tọ̀. "Ó rí wúruwùru díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù." Ọmọbìnrin náà ti rẹ́rìn-ín pé ọ̀gá àwọn ti fi tó àwọn létí. Àfi bí ike ṣe wọ inú ẹ̀rọ, tí àwòrán inú rẹ̀ yọ lójú gíláàsì. Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni tí iná jó.

"Sístà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti di ohùn ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

Qonitah na ọrùn wo gíláàsì náà. Àwọn pátákó kéékèèké tó tò lé ara wọn bí àwo ìjẹun, tó mọ̀ bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ohun tó rí ni àwọn nǹkan róbótó-róbótó tí wọ́n tò bí ọta ìbọn, tí wáyà lọ́ mọ́ wọn yíká.

Kó tó la ẹnu, Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú náà, ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Lánàá, ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ló yẹ ẹ̀rọ náà wò finnífínní nígbà tí Qonitah gbé e wá fi hàn án, nítorí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń gbé já lu ẹ̀ṣọ́ lójijì. Òun ló ní kó gbé e lọ́wọ́, kó má kó o sí ìsàlẹ̀ bàálù níbi tí ẹrù ti ń lu ara wọn, kó yọ ọ́ nínú àpò, kó sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wò ó. Ó wo gíláàsì. Ó wo Qonitah.

"Èyí kọ́ lo fi hàn mí lánàá," ló wí.

Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn bọ́ síta.

Yàrá tí wọ́n fi Qonitah sí kò ju ibi ìdáná ilé wọn ní Àgbòwó lọ. Fèrèsé kan wà níbẹ̀, ó sì ń rí àwọn èrò lábẹ́ igi níta, àwọn tó ń wo ilé náà bí ẹni pé yóò fò sókè. Láàárín wọn ni Abdulmojeed, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, dúró sí, tó gbé fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń bẹ ọlọ́pàá kan pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé, kí wọ́n mú òun dípò rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin náà ní gbangba, kò sì nù ún. Nínú ìbẹ̀rù tó bo Qonitah mọ́lẹ̀, ìfẹ́ yẹn ta á lọ́kàn pì. Àwọn obìnrin mélòó ni wọ́n ní ẹni tí yóò sunkún nítorí wọn lójú ayé báyìí?

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kúkúrú kan wọlé, ó fi ankárá ṣe bùbá àti ìró, ó gbé báàgì ńlá kọ́ apá. Ó jókòó, ó yọ kúlíkúlí nínú báàgì, ó sì ń jẹ ẹ́.

"Ìwọ lo ni bọ́ǹbù?" ó béèrè, bí ẹni tó ń wá ẹni tó ni bàtà ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò ní bọ́ǹbù, mà."

"Mo mọ̀. Àwọn ọmọ wa ti tú u. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú ni, wọ́n fi wáyà dì wọ́n pọ̀ bí ìdì igi. Kò lè pa eṣinṣin. Orúkọ mi ni Olúkẹ́mi Akínsànyà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mí. Ẹ̀rọ rẹ dà?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fa omijé jáde lójú Qonitah. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, bọ́ǹbù ni gbogbo wọn ń bi í. Kò sẹ́ni tó rántí pé ohun kan ti sọnù.

Ó ṣàlàyé. Ẹ̀rọ náà máa ń gbọ́ èémí ọmọ ọwọ́ tó ń wúkọ́, á sì sọ fún nọ́ọ̀sì bóyá òtútù àyà ló mú un tàbí ọ̀fìnkìn lásán. Òun àti Mark, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, ló ṣe é. Lọ́sàn-án òní ni wọ́n ń retí rẹ̀ l'Ábújá níwájú àwọn tó fẹ́ yan ẹni tí wọ́n máa rán lọ sí Kánádà láti parí iṣẹ́ náà.

"Bí bàálù yẹn bá gbéra láìsí ẹ ńkọ́?"

"Wọn ò ní dúró dè mí, mà. Ẹlòmíì ni wọ́n máa mú."

"Bí mi ò bá sì rí ẹni tó fi bátìrì sínú ike, àgọ́ wa lo máa sùn." Madam Akínsànyà gbọn èérún kúlíkúlí kúrò lára ìró rẹ̀. "Wọ́n ti dá bàálù dúró títí a fi máa yẹ ilé yìí wò tán. Jẹ́ ká sáré. Ike yẹn, níbo lo ti rí i?"

Ike náà wà níwájú wọn lórí tábìlì, wọ́n ti kó bátìrì inú rẹ̀ jáde. Lára ìdérí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ ọ́ pé: *Alhaja Mùsílímátù Bùsàrí, ẹ kú àbọ̀ Mẹ́kà.*

"Ẹ̀bùn ìrántí ni, mà. Wọ́n pín in nígbà tí Màmá mi ti Hajj dé. Ó gba ẹ̀rọ náà rẹ́gí. Màmá mi sì ní kí orúkọ òun náà dé Àbújá."

"Ìwọ lo fúnra rẹ gbé ẹ̀rọ sínú ike?"

"Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Mo tàn án wò, ó ṣiṣẹ́. Mo dé e, mo gbé e sínú àpò."

"Nígbà náà, ike méjì ló wà." Madam fi ìka kan orúkọ Alhaja. "Ọ̀kan ní ẹ̀rọ, ọ̀kan ní bátìrì. Ẹni náà pa wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan náà, kò tilẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí títú àti títò. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Ike yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Bódìjà. Ẹni tí wọ́n pín in fún nìkan ló ní i." Ó gbé ojú sókè. "Ẹni tó ṣe èyí ti jẹun nílé yín rí."

Qonitah wo orúkọ ìyá rẹ̀ lára ìdérí. Olè pápákọ̀ ló ti ń rò látàárọ̀, àjèjì kan tó ní ọwọ́ kíákíá. Kò rò ó rárá pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Nínú àwọn tó wá jẹ oúnjẹ náà, àwọn wo ló mọ̀ pé inú ike lo máa gbé ẹ̀rọ sí?"

"Mark nìkan ni, mà. Àti Abdulmojeed, ṣùgbọ́n àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn."

"Mo gbọ́. Mark fọwọ́ kan àpò yìí láàárọ̀?"

Ó fọwọ́ kàn án. Níwájú ilé yìí gan-an ni Mark, tó ti Àpáta wá, ti pàdé rẹ̀ àti àwọn tó sìn ín wá. Fóònù Qonitah dún, ó sì gbé àpò fún un pé kó bá òun dì í mú. Ó rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ariwo. Ó kẹ́yìn sí i.

Mark wọlé tìgboyà-tìgboyà, ó ga, ó wọ gíláàsì ojú.

"O jà pẹ̀lú ọmọbìnrin yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá," Madam sọ fún un kó tó jókòó. Qonitah kò mọ ibi tó ti gbọ́.

"Ìjà kọ́, mà. Àríyànjiyàn ni. Orúkọ ta ló máa ṣáájú."

"Orúkọ ta ló ṣáájú?"

"Tiẹ̀."

"Ó dùn ẹ́."

"Ó dùn mí. Mo sì lọ sùn. Ẹ̀rọ tèmi náà ni, mà. Ṣé èèyàn máa ń dáná sun ilé tó ń gbé nítorí pé wọn ò fi í ṣe baálé?"

"Àwọn kan ti ṣe é rí. Níbo ni ike ìrántí tìẹ wà?"

"Nínú fíríìjì."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì ló wà nínú ẹ̀. Ẹ pe ìyàwó mi, á sọ fún yín, inú á sì bí i pé mo sọ fún ọlọ́pàá pé gbẹ̀gìrì ijọ́sí la ṣì ń jẹ."

Madam rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn ti wo kámẹ́rà iwájú ilé. "Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò ṣí àpò, mà. Ó kàn gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì ń wo ilẹ̀ kó má baà kọsẹ̀."

Mark mí kanlẹ̀. Qonitah kò lè wojú rẹ̀. Ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ló ṣe é, ó tilẹ̀ ti ń kó èébú jọ dè é.

"Ìbéèrè kan ló kù," Madam sọ. "Bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú. Ẹ máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bódìjà, ẹ gbọ́dọ̀ ní irú ẹ̀. Ta lẹ máa ń kó o fún?"

Mark la ẹnu. Ó wo Qonitah, ó sì pa ẹnu dé.

"Mi ò rántí, mà," ló wí, ojú rẹ̀ sì ti sọ pé ó rántí.

"Máa lọ," Madam sọ fún un. "Ó ṣeun."

Nígbà tí wọ́n mú Alhaja Mùsílímátù wọlé, ó kọ́kọ́ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì gbàdúrà sí i lórí kó tó rántí pé ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Madam dìde fún un, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan kí i, ó sì fi àga ara rẹ̀ lọ̀ ọ́. Alhaja jókòó, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Láti inú yàrá ọmọ yín títí dé inú ọkọ̀, ta ló fọwọ́ kan àpò yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo gbé e. Mo lè fi Kùránì búra."

"Kò tíì tó ìbúra, mà. Nínú bùútù ló wà lọ́nà?"

"Nínú bùútù. A jọ jókòó nínú ọkọ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Qonitah ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde nígbà tí a débí."

Qonitah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Madam fọ́ kúlíkúlí kan sí méjì, ó ń wò ó bí ẹni pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní yìgì ti fẹ́ dé," ó sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti yí padà sí ti àwọn obìnrin tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. "Irú ọmọ wo ni àna yín, Alhaja? Àwọn ọmọ òde òní, wọn ò mọ èèyàn í kí mọ́."

Ojú Alhaja là, tòun ti ìbànújẹ́ tó wà nínú rẹ̀. "Abdulmojeed? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni. Tó bá rí mi lókèèrè báyìí, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìbáà ṣe nínú ẹrẹ̀. Kì í jẹ́ kí n gbé nǹkan. Ìbáà ṣe ata inú ọ̀rá lásán, á ti sáré gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn ìyá àdúgbò ń jowú mi."

"Ẹ kú oríire, mà. Òun ló sì fi ọkọ̀ gbé yín wá."

"Òun ni. Ẹnu géètì ló ti bá mi pàdé. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde, aṣọ ẹ̀ funfun."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àpò lọ́wọ́."

"Èmi tí mo gbé..."

Alhaja wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Alhaja, ẹ dákun," Madam sọ, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Irú àna yẹn. Ṣé ó dìde tán, ó dúró, ó ń wò yín kí ẹ ru àpò lọ sí bùútù?"

"Ó gbà á," Alhaja sọ, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. "Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n... àna mi ni. Ta ló ń ka ìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń kà á, mà. Bí wọ́n bá bi èmi náà, mi ò ní kà á. Ẹ̀yin wá lọ síbo?"

"Mo padà wọlé. Bàbá àgbà ń ṣe àdúà ìrìn àjò fún Qonitah ní pálọ̀. Mo lọ ṣe àmín." Alhaja bo ẹnu rẹ̀. "Àdúà náà gùn."

"Irọ́ ni," Qonitah sọ.

Kò mọ̀ pé òun ti dìde. "Irọ́ ni, mà. Ẹ wò ó níta, ó ń sunkún. Ó ní kí wọ́n mú òun dípò mi. Abdulmojeed ò lè pa mí lára."

"Mo rí i. Òun nìkan ló ń bẹ̀ wá pé ká mú òun. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ máa ń bínú sí mi ni, bí Mark yẹn. Jókòó, ọmọ mi. Olè àjèjì máa gbé ẹ̀rọ rẹ sá lọ, kí ló máa fi bátìrì dípò ṣe? Ọ̀tá rẹ níbi iṣẹ́ máa fọ́ ọ ni. Ẹni yìí ò jí i, kò fọ́ ọ. Ó wá ohun tó wúwo bákan náà kí o má baà fura, ó sì wá ohun tí ẹ̀ṣọ́ ò ní jẹ́ kó kọjá. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí o má wọ bàálù lọ. Ta lo rò pé ó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Oṣù tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù Abdulmojeed ní Challenge, níbi tó ti ń ṣe àtùpà alágbára oòrùn tà, ni Qonitah ti sọ fún un pé bí wọ́n bá yan òun fún Kánádà, yìgì á sún síwájú. Abdulmojeed rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, máa lọ, olólùfẹ́ mi, màá dúró dè ẹ́ títí ayé. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé Qonitah sùn lé e lórí. Àtùpà wọ̀nyẹn sì ni, bátìrì ògbólógbòó tí Mark ń kó fún un ló fi ń ṣe wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú padà wọlé. Madam ti rán an lọ síbi ọkọ̀ kí ó tó pe Alhaja. Ike funfun kan ló gbé dání, orúkọ Alhaja wà lórí ìdérí rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé.

"Abẹ́ táyà àpamọ́," ló wí. "Ó fi aṣọ wé e tìṣọ́ratìṣọ́ra, mà. Bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn."

Alhaja Mùsílímátù sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, Abdulmojeed ò jiyàn. Bó ṣe rí ike méjèèjì lórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ níbi tó dúró sí, iwájú Alhaja. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Alhaja ò sọ pé kó dìde.

"Mo rò pé wọ́n á kàn ní kó máa gbé e lọ sílé ni," ó sọ sí ilẹ̀. "Pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí jágajàga, àwọn ò gbà á. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á pè é ní bọ́ǹbù."

"O to bátìrì bí ọta, o fi wáyà dì í," Madam sọ. "Kí lo fẹ́ kí wọ́n pè é? Mọ́ínmọ́ín?"

"Mojeed," Qonitah sọ. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹlòmíì létí ara rẹ̀. "Ìwọ lo ní kí n máa lọ."

"Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa sọ pé o ò lọ mọ́. Mò ń dúró. O ò sọ ọ́." Ó gbé orí sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi lọ sókè òkun, ó ní òun ń bọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́ títí dòní. Mo fẹ́ràn rẹ ju kí n máa wo fóònù lọ, Qonitah. Bàálù kan péré ni mo ní kí o pàdánù."

"Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn tó lé mi sára ògiri."

Abdulmojeed tún dorí kọ ilẹ̀.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé náà ké: bàálù Àbújá fẹ́ gbéra, kí èrò máa bọ̀. Qonitah ṣí ike, ó so wáyà kan mọ́ òmíràn, iná kéékèèké sì tàn lórí àwọn pátákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sóhun tó ṣe é. Adéróunmú tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó mi orí. "Èyí gan-an ni," ló wí.

"Ó kù sọ́wọ́ rẹ," Madam Akínsànyà sọ fún Qonitah. "Bí o bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́ fún ohun tó ṣe sí ẹ, wàá jókòó, wàá sọ tẹnu rẹ báyìí. Kò ní yá."

Qonitah wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ìbínú fẹ́ kó jókòó. Ìbínú fẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí wọ́n gbọ́, kí ojú tì í. Ó ti fa àga sẹ́yìn kó tó yé e, ó sì dúró gan-an.

"Bí mo bá jókòó," ló wí, "ohun tó ń fẹ́ náà ló ṣẹ."

"Mò ń wò ó pé ṣé wàá rí i." Madam dìde. "Ti ìdágìrì tó dá sílẹ̀ níbí, ìjọba ló ni ìyẹn, mi ò nílò rẹ fún un. Tìrẹ máa dúró dè ẹ́. Máa lọ."

Qonitah kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ń retí kí Alhaja ní kó fara balẹ̀, kó ro ti yìgì, kó dárí jì í nítorí ẹnu ayé. Alhaja di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dìde lọ," ó ní. "Èmi ni mo gbé e fún un. Èmi náà ni màá lọ bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀."

Qonitah dé ike rẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Mark ń dúró dè é níta, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Qonitah." Abdulmojeed ni. Ọlọ́pàá kan ti di apá rẹ̀ mú. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ṣì fẹ́ràn mi?"

Ó dúró. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó wá ìkórìíra kiri nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ló wí. "Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ yìí, òun ló bà mí lẹ́rù jù."

Ó sì jáde lọ síbi bàálù.